Ìwé Ìṣirò Mi

Ìwé náà dé lọ́jọ́ tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ já.
Múfútáù ọmọ mi ló kà á, ó ń fìka tọ Faransé náà
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.
"Ìyá, wọ́n ní kí ẹ sọ iye tó wọlé fún yín lọ́dún tó kọjá."
Mo ní, ọdún tó kọjá wo?
Èyí tí ẹ̀rọ kú fún ọjọ́ mọ́kànlélógún,
àbí èyí tí àgbàdo wọ́n, tẹ́nìkan ò lọ ògì?
Ó ní ọdún kan náà ni.

Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń lọ nǹkan nítòsí Àkábà Ìdénà.
Eruku ẹ̀lúbọ́ sọ irun mi di funfun kí ọjọ́ orí tó débẹ̀.
Mo mọ ohùn ata yàtọ̀ sí ohùn ẹ̀wà nínú irin,
mo mọ ilé tí ebi ti wọ̀
láti ara bí abọ́ wọn ṣe ń kéré sí i.
Ṣùgbọ́n iye tó wọlé lọ́dún?
Ta ló ń wọn odò kó tó fọ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀?

Ògiri ni ìwé ìṣirò mi.
Èédú la fi ń kọ ọ́: ìlà kan, abọ́ kan;
ìlà tó bá dùbúlẹ̀, gbèsè.
Ìyàwó Adékambí, ìlà mẹ́sàn-án.
Ìyá Ìlárá alákàrà, mi ò kà á mọ́,
ọmọ rẹ̀ ò tíì gbádùn.
Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, Múfútáù ra ẹfun,
ó kun ògiri, ó ní kó lè mọ́ lójú àlejò.
Gbèsè ọdún kan wọlẹ̀ sábẹ́ ẹfun.
Àwọn tó jẹ mí kí mi kú ọdún ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mo wọ bùbá tí n kì í wọ̀ lẹ́nu iṣẹ́,
síbẹ̀ ọ̀gá Hùndékọ̀n sín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jókòó.
Ata kì í kúrò lára ẹni tó ń lọ̀ ọ́.
Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.
Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan wà
tí yóò máa tẹ fàkítù fún gbogbo abọ́ tí mo bá lọ̀.
Mo ní, abọ́ ata àádọ́ta fráǹkì ńkọ́?
Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.
Mo ní, ẹni tó fi iṣu san ńkọ́?
Ó gbójú sókè, ó wo fáànù.
Mo ní kó kálọ wá wo ìwé mi,
pé ó ga jù mí lọ, ó sì ní fèrèsé.
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín.
Owó tí wọ́n kọ fún mi ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí fọ́ọ̀mù wọn ò bi mí rèé:
ata gbígbẹ inú ọ̀rá tó ń ti Kútọnu bọ̀,
tí wọ́n fi kọ́ sí iwájú ìsọ̀ tó dojú kọ mí;
ẹ̀rọ oníná kékeré tí àwọn ọmọ ń rà fún ìyá wọn;
epo tó ń ti ẹ̀yìn bodè wá nínú bídọ̀ọ̀nù,
tó di wúrà lóru ọjọ́ kan.
Àyè kan ló kù nísàlẹ̀: "Àwọn mìíràn."
Múfútáù ní ká kọ òdo síbẹ̀.

Mo san ìdajì. Mo ṣèlérí ìdajì.
Wọ́n ń da ọ̀dà sójú ọ̀nà bí mo ṣe ń bọ̀,
bóyá abọ́ ata mi kan wà níbẹ̀.
Mo fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ wò.
Ó gbóná.

Mo ra kọ́pì olójú ewé ọgọ́rùn-ún, mo kọ ọjọ́ sókè rẹ̀.
Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí Ìyá Ìlárá gbé ẹ̀wà dé,
ọwọ́ rẹ̀ kejì ṣófo.
Mo wo kọ́pì.
Mo wo ògiri funfun.
Mo wá èédú.